Igi Ólífì Nínú Ọ̀dá: Ẹ̀kọ́ Láti Oko Sípéènì àti Tùnísíà

Kò sí ẹni tí ó ń ka Bíbélì tí kò mọ orúkọ igi ólífì. Ewé rẹ̀ ni àdàbà já wá fún Nóà, òróró rẹ̀ ni a sì fi ń kun àwọn aláìsàn nínú ọ̀pọ̀ ìjọ títí di òní. Bí a bá gbé ìgò òróró bẹ́ẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí a rí i pé ilẹ̀ Sípéènì ni ó ti wá, nítorí kò sí orílẹ̀-èdè tí ń ṣe òróró yìí tó wọn lágbàáyé. Nígbà tí owó rẹ̀ wá ga sókè lójijì ní ọdún 2023 àti 2024, ọ̀ràn náà kan àwa náà. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lóko? Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a lè gbà máa gbin igi yìí lọ ní ilẹ̀ tí òjò ti ń ṣọ̀wọ́n?

Ẹkùn Andalusia, ní gúúsù Sípéènì, ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù. Ní ìpínlẹ̀ Jaén nìkan, igi ólífì ju mílíọ̀nù 60 lọ. Nígbà ìkórè 2021 sí 2022, Sípéènì rí òróró bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tọ́ọ̀nù; nígbà ìkórè tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n rí kò tó 700,000 tọ́ọ̀nù. Òjò ni kò rọ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ooru ìlú Córdoba dé 38.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú èyí tí a kò tíì rí rí nínú oṣù Kẹrin ní apá Sípéènì tí ó wà lórí ilẹ̀ Yúróòpù. Àkókò tí igi ólífì ń múra láti tanná gan-an nìyẹn, bí ooru bá sì jó òdòdó, èso kò ní sí. Òróró tí kìlógíráàmù rẹ̀ kò tó yúrò 3 ní ọdún 2020 kọjá yúrò 8 kí ọdún 2023 tó parí.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe igi tí ó lè fara da ọ̀dá ni ólífì ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ewé rẹ̀ kéré, ó sì le, kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ kúrò lára igi. Ṣùgbọ́n kí igi má kú jẹ́ ohun kan, kí ó máa so jìngbìnnì lọ́dọọdún jẹ́ ohun mìíràn. Nítorí èrè ni ọ̀pọ̀ ṣe ń fi oko àtijọ́ sílẹ̀, níbi tí igi bí 100 wà lórí hẹ́kítà kan, tí wọ́n sì ń bọ́ sí oko tuntun tí igi rẹ̀ lè ju 1,500 lọ lórí hẹ́kítà kan náà, tí ẹ̀rọ ń kórè rẹ̀. Oko bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìbomi rin ín. Lóòótọ́, okùn rọ́bà tí ń kán omi sí ìdí igi kì í fi omi ṣòfò; ṣùgbọ́n bí gbogbo àgbẹ̀ bá tẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kán omi á di odò. Ní Loma de Úbeda ní Jaén, omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń fà fún igi ólífì ti ju èyí tí òjò ń dá padà lọ. Nígbà tí ọ̀dá dé, tí omi fà nínú àwọn adágún odò Guadalquivir, ìjọba dín omi oko kù, ẹni tí ó ti gbára lé omi náà kò sì rí ibi yà sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òdì kejì Òkun Mẹditaréníà. Ní Sfax, ní ilẹ̀ Tùnísíà, òjò ọdún kan kò ju bí 200 mìlímítà lọ, síbẹ̀ òjò nìkan ni ọ̀pọ̀ oko ólífì ibẹ̀ gbójú lé láti ọjọ́ pípẹ́. Mítà 24 ni wọ́n fi sáàárín igi kan sí èkejì, tí ó fi jẹ́ pé igi bí 17 péré ni ó wà lórí hẹ́kítà kan. Igi kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí ó tó láti wá omi tirẹ̀. Wọ́n sì ń ro àárín oko kí koríko má bàa bá igi du omi. Èso kì í pọ̀ lọ́dún tí òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n igi ń bẹ láàyè fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí Jaén ṣe gẹ́gẹ́ bí Sfax ti ṣe. Ilẹ̀ Sfax jẹ́ iyanrìn, ó sì tẹ́jú. Púpọ̀ nínú oko Andalusia wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni katakata fi ń tú ilẹ̀ ibẹ̀, tí àgbàrá sì ń wọ́ erùpẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ń fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí koríko hù láàárín igi nígbà òjò, kí wọ́n sì gé e nígbà ìrúwé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi igi. Kí wọ́n gé ẹ̀ka tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi bo ilẹ̀. Láti ọdún 2023, owó ìrànwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù wà fún àgbẹ̀ Sípéènì tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sì ń bomi rin oko lè dín in kù láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kóró inú èso ń le, kí ó fi omi náà pamọ́ de ìgbà tí òróró ń kún inú èso.

Òjò ti padà. Ìkórè 2024 sí 2025 mú òróró bíi mílíọ̀nù kan àti 400,000 tọ́ọ̀nù wá ní Sípéènì, iye owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ara lè tu àwọn ènìyàn kí wọ́n sì gbàgbé. Nígbà tí owó òróró bá wálẹ̀, àgbẹ̀ kékeré tí oko rẹ̀ wà lórí òkè, tí ó ń fi ọwọ́ kórè, ni yóò kọ́kọ́ pa oko tì. Ẹni tí ó ní kànga jíjìn ni yóò sì máa gbilẹ̀ sí i. Ní tiwa, a gbà pé ìjọba tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí pẹ́ gbọ́dọ̀ fi òdiwọ̀n sí omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọdún tí òjò pọ̀, kì í ṣe nígbà tí kànga bá gbẹ tán, kí ó sì san owó tí ó tó fún ẹni tí ń dáàbò bo erùpẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí ń le koko. Igi tí ó lè gbé ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó gbìn ín nìkan. Ìríjú ni ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí pẹ̀lú omi tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.