Ooru inú fóònù: Kí ló dé tí graphene kò tíì yanjú ẹ̀?

Ẹni tó bá ti fi fóònù wo bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan, tó tún kì í bọ ṣájà, mọ bó ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ojú fóònù á ṣú díẹ̀ fúnra ẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìgbà míì ìkìlọ̀ á jáde pé kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí ooru ẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n 35 Celsius lọ ni kí èèyàn ti máa lo iPhone. Nílẹ̀ Yorùbá, tí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta bá dé, oòrùn ọ̀sán máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ láwọn ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í sì í ṣe ti fóònù nìkan. IEA, àjọ tó ń tọpa ọ̀rọ̀ iná àti epo lágbàáyé, sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2025 pé àwọn data centre, ìyẹn àwọn ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì àti AI ró sí, lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 415 kilowatt-hour iná lọ́dún 2024. Ìyẹn tó ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná tí ayé lò. Àjọ náà ní ó lè tó bílíọ̀nù 945 tó bá fi máa di ọdún 2030. Nínú iná yẹn, èyí tí wọ́n ń fi mú kí ẹ̀rọ tutù jẹ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn ilé tí ètò wọn dára jù, ó sì lé ní ìdá 30 láwọn tí tiwọn kò dáa tó. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, owó ńlá ló ń bá ooru lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan tó jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan fi kan gbogbo èèyàn: báwo ni ooru ṣe ń rìn nínú ohun tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan tàbí mẹ́ta lọ?

Ìlérí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008

Lọ́dún 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sẹ́lótéèpù lásán bó graphite, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, títí tó fi ku ìpele kan ṣoṣo. Ìpele kan yẹn ni wọ́n ń pè ní graphene. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2010.

Nígbà tó di ọdún 2008, Alexander Balandin àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Riverside na graphene sójú kòtò kékeré kan, tí àárín ẹ̀ kò kan nǹkan kan nísàlẹ̀. Wọ́n wá tan iná lésà sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí graphene ń dá padà máa ń yí àwọ̀ díẹ̀ bó bá ṣe ń gbóná sí, ìyípadà yẹn ni wọ́n sì fi ṣe tẹmọ́mítà, torí kò sí tẹmọ́mítà kankan tí wọ́n lè fi kan ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n rí ya ayé lẹ́nu. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ooru ṣe ń gba inú nǹkan kọjá, bàbà tó wà nínú wáyà iná jẹ́ nǹkan bí 400, dáyámọ́ǹdì jẹ́ nǹkan bí 2,000. Graphene fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000.

Látìgbà yẹn ni ìròyìn ti ń gbé e kiri pé wàhálà ooru inú ẹ̀rọ ti fẹ́ tán. Kò tíì tán o.

Nọ́ńbà láàbù àti nọ́ńbà inú fóònù

Ohun àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà ọ̀hún fúnra ẹ̀ kò dúró sójú kan. Kí wọ́n tó lè ṣírò bí ooru ṣe ń rìn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ìmọ́lẹ̀ lésà tí graphene gbé mì. Lọ́dún 2008 kan náà, àwọn ará Manchester wọ̀n ọ́n pé ìdá 2.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó bá fi iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ìṣirò, èsì ẹ̀ á ga. Àwọn míì tó tún wọn graphene tí kò kan nǹkan nísàlẹ̀ lọ́dún 2010 rí nǹkan bí 2,500. Ó ṣì ju ti bàbà lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, àmọ́ ìdajì ti àkọ́kọ́ ni.

Ohun kejì ló le jù. Kò sẹ́ni tó máa so graphene rọ̀ sófuurufú nínú fóònù, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan. Lọ́dún 2010, Li Shi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin gbé e ka orí silicon dioxide, tó jẹ́ irú gíláàsì kan, wọ́n sì kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 600.

Ẹni tó bá mọ ìlù á tètè lóye ìdí ẹ̀. Ooru inú graphene kò ju pé àwọn átọ́ọ̀mù ń gbọ̀n lọ. Gbígbọ̀n tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù lára ooru náà sì ni ti òkè-sísàlẹ̀, bí awọ gángan tí wọ́n lù. Tí onílù bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ yẹn, ohùn ẹ̀ á kú. Gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ graphene ló ń ṣe bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀nà tó dán kò lè gba ọkọ̀ púpọ̀ tó bá ṣe tóóró. Bó ti wù kí ooru yára nínú ìpele kan ṣoṣo tó, èyí tó lè kó lápapọ̀ kò pọ̀. Torí ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe fóònù fi ń lo fíìmù tó ní ìpele púpọ̀. Huawei polówó fíìmù graphene nínú Mate 20 X lọ́dún 2018. Nítorí náà, ẹni tó bá ní graphene gbé ooru ju bàbà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́, àmọ́ kò tíì sọ ibi tó gbé graphene ọ̀hún sí.

Ẹni tó mọ sitúdíò ló ronú kan dídí ooru

Páànù dídín kan náà ló nílò ìdí tó ń gbé ooru àti ọwọ́ tó ń dí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù. Ooru inú chip gbọ́dọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gba ara bátìrì kọjá, kò sì yẹ kó jó ẹni tó dì í mú. Apá kejì yìí ni àwọn ohun tín-ín-rín náà ti ṣe bẹbẹ.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, Eric Pop àti Sam Vaziri ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn to ìpele graphene kan pọ̀ mọ́ ìpele mẹ́ta ohun míì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó átọ́ọ̀mù mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ átọ́ọ̀mù mẹ́wàá. Síbẹ̀, ó dí ooru tó gíláàsì tó fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nípọn jù ú lọ. Pop yìí ti ṣe DJ rí ní KZSU, ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Stanford. Gíláàsì tó nípọn ní sitúdíò, tí kì í jẹ́ kí ariwo ìta wọlé, wà lára ohun tó fún un lérò. Gbígbọ̀n ni ariwo, gbígbọ̀n náà ni ooru.

Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ Jiwoong Park ní Yunifásítì Chicago lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú MoS2, ohun tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú gírísì kan, wọ́n to ó ní ìpele-ìpele, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tó wù ú. Ooru ń rìn dáadáa gba ẹ̀gbẹ́. Láti ìsàlẹ̀ sókè ńkọ́? Nǹkan bí 0.057 péré, nígbà tí afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ nǹkan bí 0.026. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 900. Ó dà bí ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní kòtò kankan, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yà kúrò lórí ẹ̀ á bá ọlọ́pàá pàdé níbi gbogbo.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé iṣẹ́ ti kúrò lórí wíwá ohun tó yára jù nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ kí wọ́n darí ooru síbi tí wọ́n fẹ́ kó gbà.

Ta ló máa jèrè ẹ̀?

Ìlú tó gbóná ló yẹ kó jèrè jù. Ní Luleå, lórílẹ̀-èdè Sweden, afẹ́fẹ́ tútù ìta ni Facebook ń fi mú kí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tutù. Èkó, tí data centre ń pọ̀ sí i níbẹ̀, kò ní irú afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná tàbí dísù ni wọ́n máa fi ra gbogbo ìtutù tí wọ́n bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí láàbù ṣe ní ìwọ̀n tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, kó má fàya, kó má sì wọ́n jù. Ibẹ̀ ni wàhálà ṣì wà. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ tó ní àwọn ará National University of Singapore nínú yẹ ọjà ilé iṣẹ́ 60 tó ń ta graphene wò. Graphene tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹyọ kan tó ju ìdá 50 lọ. Ohun tó kù nínú ẹ̀, ó sún mọ́ èédú pẹ́ńsù ju graphene lọ.

Nítorí náà, tí èèyàn bá rí "graphene" gàdàgbà lára páálí fóònù tàbí ṣájà, nọ́ńbà 5,000 kọ́ ni kó máa wá. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ìpele mélòó, kí ló lẹ̀ mọ́, ibo ló sì ń darí ooru sí? Títí tí ìdáhùn á fi dé, oògùn àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ yọ ọ́ lórí ṣájà, ẹ bọ́ àpò ara ẹ̀, ẹ sì gbé e kúrò nínú oòrùn.