Arán Kì í Ṣe Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí kò dùn ún sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pa á lówe pé àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, kí ni à ń ṣe fún àgbà tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́?

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa tí a ti bí mi, bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, wọn a ní ó ń ṣarán, ọjọ́ ogbó ni. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́, pàápàá opó tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru? Ẹnu a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìyá tó bí ìyá mi mọ pupuru ṣe púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé e sórí iná, ó bá ọ̀nà oko lọ, ilé ìdáná sì jó. Nígbà tó yá, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní kékeré, ó ní òun ni òun pa wọ́n. Ọ̀fọ̀ ni Ìyáàgbà ń ṣe. Àwọn aládùúgbò ní ó ń jẹ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n sì fi ebi ọjọ́ mẹ́ta pa á. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin!

Àìsàn ọpọlọ ni, ó sì ní bí ó ti ń ṣe. Ohun àná ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ohun àtijọ́ a máa pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, tí ó sì ń sunkún ọmọ tó kú kí a tó bí ìyá mi.

Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ní 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ojúlé àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún àgbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 14 ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 32 ni. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn àìsàn kan sì wà tó jọ ọ́ tí oògùn ràn, nítorí náà àyẹ̀wò ṣe pàtàkì.

Níbo ni àyẹ̀wò náà wà? Dókítà kan nítòsí wa fún un ní oògùn oorun, ó ní ogbó ni. Ibùdó ìtọ́jú àgbà tó wà ní UCH, tí a ṣí ní 2012, Ìbàdàn ni ó wà. Láti Òkìtìpupa, a ó kọ́kọ́ dé Ọ̀rẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀ mìíràn, pẹ̀lú arúgbó tí ń bèèrè ní gbogbo ìṣẹ́jú pé níbo ni ẹ ń gbé òun lọ.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ni ó fi ọjà sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó, wọ́n á ní, "Bá wa tọ́jú Màmá o." Àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń gbowó oṣù nítorí irú iṣẹ́ kan náà, lára ìyá olóyìnbó.

Èmi kò ní kí a kọ́ irú ilé wọn. Nígbà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní 1954, inú abúlé ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú ẹbí wọn kan tí yóò máa dáná fún wọn. Ẹbí jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ohun tí mo ń fẹ́ kò tó ìyẹn pàápàá: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, nọ́ọ̀sì kan tó mọ arán yàtọ̀ sí àìsàn mìíràn, tí yóò sì kọ́ ẹni tó wà nílé bí a ti ń dá àgbà tó ń rìn kiri lóru padà láìlù ú. Kí àwọn ará Èkó náà sì gba Màmá fún oṣù kan lọ́dún, kí àbúrò ìyá mi lè rí oorun sùn.