Ṣé torí pé Traoré lé Faransé lọ?

Ọ̀rọ̀ Ibrahim Traoré ti Burkina Faso ti pín àwọn ajìjàgbara tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù sí méjì, títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Bowie níbí. Àwọn kan ní akọni ni, torí pé ó lé ọmọ ogun Faransé lọ ní 2023. Àwọn kan ní ológun afìbọn-gbàjọba lásán ni.

Àwa náà kò fẹ́ràn ohun tí Faransé ṣe nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí ni Guy Hervé Kam ṣe? Agbẹjọ́rò yìí wà lára àwọn tó dá Balai Citoyen sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà níwájú nígbà tí aráàlú lé Compaoré kúrò ní 2014. Ní January 2024, wọ́n gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú Ouagadougou. Ṣé òun kì í ṣe ajìjàgbara ni?

Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ rí lórí Nàìjíríà. Randall Robinson àti TransAfrica, ní Washington tó wà nítòsí wa, ń pariwo pé kí Amẹ́ríkà má ra epo Abacha mọ́. Ní 1996, Louis Farrakhan lọ sí Nàìjíríà, ó sì gbèjà Abacha. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abiola l'Ékòó. Àwọn ọmọ NADECO tó sá wá sí Amẹ́ríkà nígbà náà mọ ẹni tó dúró tì wọ́n nínú àwọn méjèèjì.