Ẹ Wádìí Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Lálẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger kéde pé àwọn ti òfurufú orílẹ̀-èdè àwọn pa. Bàálù kankan kò gbọdọ̀ gba orí àwọn kọjá mọ́. Àwọn bàálù kan ti gbéra ní Yúróòpù nígbà náà, wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn yí imú padà síbi tó ti ń bọ̀, òmíràn lọ yípo gba ọ̀nà jíjìn, torí òfurufú Libya àti ti Sudan ti di ohun tí bàálù ń yàgò fún tẹ́lẹ̀ nítorí ogun. Ká sọ pé ẹnì kan wà nínú wọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Kò bá ará Niger dá òwò pọ̀ rí, kò sì bá wọn dìtẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Èsì ni títì tí wọ́n ti òfurufú yẹn jẹ́. Ọjọ́ 26, oṣù Keje ni wọ́n gbàjọba. Nígbà tó di ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, pàdé ní Àbújá, wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ àti ti òfurufú mọ́ Niger, wọ́n dá káràkátà dúró, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀. Wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá ìjọba padà. Alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ náà pé ni Niger fèsì. Ó di ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án kí bàálù tó tún lè gba ibẹ̀ kọjá.

Lórí rédíò, sáńṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí. Èmi yóò pè é ní ìjìyà ọrọ̀ ajé. Ìjọba ni wọ́n máa ń dá ẹjọ́ náà fún, àmọ́ ìtanràn rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sọ́rùn oníṣòwò, awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ tí kò béèrè ọ̀rọ̀ kó tó sanwó. Torí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Malanville. Afárá kan ló so ìlú yìí, ní ilẹ̀ Benin, pọ̀ mọ́ Gaya ní ilẹ̀ Niger, lórí Odò Ọya kan náà tó ń gba Jẹ́bà kọjá. Èbúté Kutọnu ni ẹnu ọ̀nà òkun fún Niger, tí kò ní òkun tirẹ̀. Nígbà tí ẹnubodè tì, ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bí ọ̀wọ́ ìjàlọ. Ohun tó lè bàjẹ́ bàjẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó ọjà àti èèyàn sọdá odò. Lọ́jọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2024, ECOWAS kéde pé àwọn ti gbé ìjìyà náà kúrò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì dunnú pé ọ̀nà ti là. Ọ̀nà kò là. Niger fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ẹnubodè tó bá Benin pààlà. Ẹrù rẹ̀ yà sí èbúté Lomé, ó ń gba Burkina Faso kọjá, níbi tó jẹ́ pé ológun ló ń sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù nítorí àwọn agbébọn.

Oníṣòwò Àjàṣẹ́ tàbí Parakou tó gbọ́ ìkéde yẹn, tó sì yáwó ra ọjà lọ́jọ́ kejì, ẹ ò lè pè é ní òmùgọ̀. Ohun tó gbọ́, òótọ́ ni. Ẹni tí kò bi léèrè ni awakọ̀ tó sùn sí ìdí afárá lánàá. Ìpàdé Àbújá kọ́ ló ń gbé igi ìdènà sókè ní ẹnubodè. Ẹnì kan ló dúró tì í, ó sì lè ní òfin tirẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lè fi irú ìjìyà yìí de gbogbo ayé. Àjọ bíi ECOWAS tàbí ti Yúróòpù ń fi de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìkan lè ṣòfin nílé rẹ̀, kí òfin náà sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí, torí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ná ọjà òkèèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara bàálù ti ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, Kúbà ni kí ẹ wò. Ọdún 1962 ni Ààrẹ Kennedy ti ìlẹ̀kùn káràkátà mọ́ erékùṣù náà. Lọ́dún 1992, wọ́n fi ẹsẹ òfin kan kún un tó mú ju abẹ lọ: ọkọ̀ ojú omi tó bá gúnlẹ̀ sí Kúbà láti ṣòwò kò gbọdọ̀ kó ẹrù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, ní èbúté Amẹ́ríkà kankan títí 180 ọjọ́ yóò fi pé, àfi tó bá gbàyọ̀ǹda. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó ni ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ará Gíríìsì, kí àsíá ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Panama, kí àwọn atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ ará Philippines. Kò sí ará Amẹ́ríkà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bó bá lọ ṣòwò ní Havana lẹ́ẹ̀kan péré láìgbàyọ̀ǹda, oṣù mẹ́fà ni yóò fi máa wo Houston, Miami àti New York lókèèrè. Ta ló máa yan Havana? Òfin náà kò nílò ọkọ̀ ogun. Ìṣirò owó nìkan ti tó láti lé ọkọ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀nba tó bá sì gbà láti lọ, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà.

Ìdójútòfò ni okùn kejì tí wọ́n fi ń de ọkọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ adójútòfò méjìlá kan ló pawọ́ pọ̀ dáàbò bo nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń gba òkun kọjá. Bí ọkọ̀ bá rú òfin ìjìyà, ìdójútòfò rẹ̀ lè di asán lọ́jọ́ náà gan-an, èbúté tó bá sì mọ iyì ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ tí kò ní ìdójútòfò wọlé. Ọ̀nà yìí ni Amẹ́ríkà, Yúróòpù àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ dín owó epo Rọ́ṣíà kù láti ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Wọn kò ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù má ra epo náà. Wọ́n ní bí iye rẹ̀ bá fi lé ní 60 dọ́là lórí àgbá kan, adójútòfò tiwọn àti ọkọ̀ tiwọn kò gbọdọ̀ dá sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ agbépo ti pọ̀ lórí òkun, àwọn tó ń pààrọ̀ orúkọ àti àsíá bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, tí wọ́n ń pa ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí wọ́n wà, tí kò sì sí ẹni tó mọ adójútòfò wọn. Mo ṣì ń padà bọ̀ wá sórí àwọn ọkọ̀ yìí.

Ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lóṣù Kejìlá, ọdún 1979, ọkọ̀ agbépo kan tó ń jẹ́ Salem gbé epo rọ̀bì ní Kuwait, ó ní Yúróòpù ni òun ń lọ. Nígbà yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kì í ta epo fún South Africa nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nàìjíríà náà kì í tà á fún wọn. Kódà ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi gba ìpín iléeṣẹ́ epo BP lọ́dún náà. Salem kun orúkọ ara rẹ̀ di Lema, ó yà sí Durban, ó já epo náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fa omi òkun sínú ikùn kó lè dà bí ẹni pé ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Lóṣù Kìíní, ọdún 1980, ó rì ní ìhà òkun Senegal. Nígbà tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dóòlà àwọn atukọ̀ rẹ̀, ó yani lẹ́nu pé wọ́n ti di báàgì wọn tónítóní, bí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kí epo kún inú rẹ̀ rì, omi kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúdú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ ò ní ọkọ̀ agbépo. Ẹ lè ní kọ̀ńténà kan, tàbí ìdajì rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín ni orúkọ tó wà lórí ìwé ẹrù, èyí tí àwọn ajẹ́ńtì Àpápá ń pè ní B/L. Kọ̀ǹpútà ni báńkì àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi ń yẹ orúkọ wò, wọ́n ń fi wé àkójọ orúkọ àwọn tí òfin dè. Orúkọ Lárúbáwá pọ̀ nínú àkójọ náà, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ Ibrahim Abdullahi nìkan ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ìyàtọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn sí ẹlòmíràn. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tó wà nínú páápọ́ọ̀tù yín, ẹ fi Àkànní tàbí Adélékè yẹn sí i, ẹ sì ní ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ tí wọ́n bá béèrè. Ohun tó ń já mi láyà jùyẹn lọ ni àṣà yíyá ènìyàn lórúkọ. Ọ̀rẹ́ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ kọ́ńpìnì yín kó ẹrù yìí wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.” Bí ẹrù náà bá jẹ́ ti ẹni tí òfin dè, orúkọ yín ló máa kù nínú kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀rẹ́ lè korò díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó korò.

Ti òfurufú yàtọ̀ díẹ̀, torí pé bàálù kò lè fara pamọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fi èyí han South Africa láti ọdún 1963, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bàálù rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba orí àwọn kọjá. Ó di kó máa yí etí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà po, kó máa balẹ̀ gba epo ní erékùṣù Sal ní Cape Verde, kó tó rí Yúróòpù. Ìdè tó le jùyẹn lónìí ni ti ẹ̀yà ara bàálù. Bí ohun tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye bàálù kan lọ, ẹni tó ṣe é níbikíbi láyé kò lè tà á fún Kúbà láìgba ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà. Airbus ti Yúróòpù náà há sínú èyí. Bó ṣe jẹ́ fún Iran nìyẹn: Iran Air ṣàdéhùn láti ra 100 Airbus lọ́dún 2016, mẹ́ta péré ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí Amẹ́ríkà tó tún ti ìlẹ̀kùn lọ́dún 2018.

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe àti babaláwo tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí. Mo mọ̀ pé Havana àti Matanzas ń pè yín, torí àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí ló tọ́jú òrìṣà síbẹ̀. Ẹ lọ, kò sí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fi Kúbà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó ní wọ́n ń ti àwọn apániláyà lẹ́yìn lọ́jọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 2021. Ẹni tó bá ní páápọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti dé Kúbà láti ọjọ́ náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́ sí ESTA, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wọ Amẹ́ríkà láìgba físà. Físà gidi ló máa tọrọ, kó lọ jókòó ní ẹ́ńbásì, kó sì dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Kúbà lóṣù Kejì, tó ní ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ní Houston lóṣù Kẹfà, físà Amẹ́ríkà ni kó kọ́kọ́ lọ wá. Páápọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò ní wàhálà yìí, torí kò fìgbà kan ní ESTA rí! Ti ẹ̀yin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀: òfin kò gbà kí ẹ lọ gbafẹ́ ní Kúbà, ṣùgbọ́n ó gba ìrìn àjò ẹ̀sìn láyè. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, ọdún mẹ́wàá ni òfin ní kí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nípamọ́.

Mo sọ pé màá padà sórí àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó kọ́ṣẹ́ atukọ̀, ní Orón tàbí níbòmíràn, ni mò ń bá wí. Mo mọ ìyà tó ń jẹ yín: ẹ ti jáde ilé ẹ̀kọ́, ẹ ò rí ọkọ̀ tí ẹ máa fi lo àkókò orí òkun tí wọ́n ń béèrè kí ẹ tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ibi tí ebi náà bá wà ni ajẹ́ńtì ayédèrú ń wá. Á ní òun ti rí iṣẹ́ lórí ọkọ̀ agbépo kan, ẹ mú owó wá. Òfin àgbáyé ti ọdún 2006 lórí iṣẹ́ atukọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀. Owó páápọ́ọ̀tù, ti ìwé atukọ̀ àti ti àyẹ̀wò ara nìkan ló lè kàn yín. Bí wọ́n bá sì mú ọkọ̀ tó ń rú òfin ìjìyà lójú òkun, ẹni tó ni ín kì í sábà sí níbẹ̀. Atukọ̀ ni wọ́n máa bá lórí rẹ̀, láìsí owó oṣù, nígbà mìíràn láìsí oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ béèrè nọ́ńbà IMO ọkọ̀ náà kí ẹ tó fi aṣọ sínú báàgì. Dígíìtì méje ni, kì í sì í yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan ọkọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tú u palẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ yí tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Equasis lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí ọjọ́ orí ọkọ̀ náà, àsíá rẹ̀ àti orúkọ tó ti jẹ́ rí. Ẹ tún wá a nínú àkójọ orúkọ tí iléeṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Bí ajẹ́ńtì bá ní òun kò mọ nọ́ńbà náà, ẹ ní kó ya ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní fọ́tò ránṣẹ́. Ara irin ni wọ́n kọ ọ́ sí.