Ayùn Kọ́ Ni Oògùn Ìdọ̀tí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu alẹ́. Èyí tí ó dùn ní kùtùkùtù yóò ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ítálì, ní àwọn òkè Langhe ní Piedmont, ọtí pupa kan wà tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹmu pátápátá. Barolo ni orúkọ rẹ̀; èso àjàrà tí à ń pè ní Nebbiolo nìkan ni a fi ń ṣe é. Bí a bá mu ún ní kékeré, a máa fa ahọ́n bí obì tí kò gbó. Bí ó bá pẹ́ nínú ìgò, a di ohun àpọ́nlé.

Òfin ibẹ̀ pàṣẹ pé kí ó gbó fún oṣù 38 láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún ìkórè, kí oṣù 18 nínú rẹ̀ jẹ́ nínú àgbá igi. Èyí tí à ń pè ní Riserva yóò lo oṣù 62. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rò ó wò: owó tí ó sùn ju ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó jí!

Ìdúró yìí wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ti rí ìṣe àwọn ará Faransé wí pé àgbá ńlá àwọn bàbá wọn ti gbó, ó sì dọ̀tí. Pé oníbàárà kò ní sùúrù. Wọ́n dín ọjọ́ tí èèpo èso ń lò nínú omi rẹ̀ kù, wọ́n sì ra àgbá kékeré titun, oní-lítà 225. Ní ọdún 1983, Elio Altare fi ayùn ẹ̀rọ gé àgbá bàbá rẹ̀. Bàbá náà bínú, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Ní ìhà kejì, Bartolo Mascarello kọ àgbá kékeré títí ó fi kú ní ọdún 2005.

Ta ni ó jàre? Àwa kò pe àwọn ọ̀dọ́ ní òmùgọ̀. Ìṣẹ́ ti lé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn kúrò lóko lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Turin, ìmọ́tótó tí wọ́n sì béèrè tọ́. Ṣùgbọ́n òórùn igi titun a máa bo ti èso mọ́lẹ̀, ọjọ́ orí kò sì ṣeé rà lọ́jà.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó dán an wò. Kí ó tẹ́ ìgò Barolo àtijọ́ ní ìdùbúlẹ̀, kí ọtí lè máa rin kọ́ọ̀kì, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, tí ooru rẹ̀ kò ju 12 sí 14 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn ogún ọdún, kí ó gbé e nàró fún ọjọ́ kan kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ó sì rọra dà á. Yóò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sí ti bíríkì, pé òórùn òdòdó róósì àti ti ọ̀dà pàdé nínú rẹ̀, àti pé ohun tí ó ń fa ahọ́n ti rọ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sá fún àgbá ńlá ti padà sí i, wọ́n sì mú ìmọ́tótó wọn bọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbá bàbá tí ó bá dọ̀tí, fífọ̀ ni kí a fọ̀ ọ́.