Owó Onílé Tẹ́tẹ́

A rò pé ó yẹ kí àwọn tí ń fi póókà olówó kékeré wá oúnjẹ ní Las Vegas mọ ẹni tí ń jèrè gan-an. Onílé kì í bá wọn ta. Ṣe ni ó ń bu tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá dá sílẹ̀. Bí ènìyàn 9 bá mú dọ́là 200 lọ́kọ̀ọ̀kan jókòó, tí wọ́n ń ta á ní ìgbà 30 ní wákàtí kan, tí onílé sì ń bu dọ́là 4 nígbà kọ̀ọ̀kan, dọ́là 120 ti lọ. Bí wákàtí 15 bá pé, gbogbo dọ́là 1,800 náà ti di tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dun àwọn tí ń ta owó ńlá, nítorí onílé kì í bù ju iye kan lọ. Olówó kékeré ni ìyà náà ń jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn ọmọ wa.