Ìṣẹ́jú Ogún ní Ìtókù

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìrìn àjò wa sí Abẹ́òkúta dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù nínú mi. Amọ̀nà wa fi ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí lábẹ́ Olúmọ nígbà ogun hàn wá. Ó dárúkọ Ṣódẹkẹ́ àti ọdún 1830, a ya fọ́tò, ó di Ìtókù, ọjà aládìrẹ. Ìṣẹ́jú ogún péré ni wọ́n fún wa níbẹ̀!

Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi bí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí aró má baà mú ibẹ̀, ni awakọ̀ bá fun fèrè. Ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wà lórí àtẹ kejì, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Òun ni púpọ̀ nínú wa rà (èmi náà rà á). Báwo la ó ti ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀, nígbà tí a kò rí ìkòkò aró sójú?

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a gun Olúmọ láàárọ̀, kí a sì lo ìyókù ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn aláró, kí olúkúlùkù mú aṣọ funfun kan dání láti ilé.